Omi Tí Kò Dé Ebè



Kí n tó dá ọ̀rọ̀ dáàmù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin ìyá tó ń ta ata léèrè. Nínú oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí ilẹ̀ sì ti sán, níbo ni tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ yín ti ń wá?

Mo gbọ́: “Òkè Ọya.” Ẹ ṣeun. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Kadawa wá, ní ìpínlẹ̀ Kano. Òjò ibẹ̀ kéré sí tiwa gan-an, oṣù bíi mẹ́rin péré ló sì fi ń rọ̀. Àwa ní Ìbàràpá ń rí òjò láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, síbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwa là ń dúró de ọkọ̀ wọn.

Dáàmù Tiga ló fà á. Láàárín ọdún 1971 sí 1974, nígbà tí Audu Bako jẹ́ gómìnà Kano, wọ́n fi erùpẹ̀ mọ ògiri kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́fà dí Odò Kano. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri yẹn ni mo wá yìn. Ohun tí mo wá yìn ni poro tó jáde láti ara rẹ̀. Omi ń ti ibi gíga sọ̀ kalẹ̀ sínú poro ńlá, poro ńlá ń pín in fún kéékèèké, títí omi yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí tòmátì. (Ẹ má rò pé kò sí ẹkún níbẹ̀ o. Àwọn apẹja àti alákùrọ̀ ìsàlẹ̀ odò, lápá Hadejia, mọ ohun tí omi tí a há mọ́ òkè gbà lọ́wọ́ wọn.)

Ẹ wá padà wálé. Nítòsí Ìṣẹ́yìn, kò jìnnà sí wa, dáàmù Ìkẹ́rẹ̀ wà lórí Odò Ògùn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, láyé Ààrẹ Shagari, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Adágún tó lè gba 690 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta omi ni. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mítà bẹ́ẹ̀ yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ogójì. Wọ́n ní yóò bomi rin 12,000 hẹ́kítà, yóò sì tan iná mẹ́gáwáàtì mẹ́fà. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ògiri dúró, omi sì kún ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ oko tí omi náà ń bọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a kọ sínú ìwé. A mọ ògiri, a gbàgbé poro. Abájọ tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé àmì ohùn nìkan ló wà láàárín dáàmù àti dààmú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn èèyàn rò pé òkìtì erùpẹ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Amọ̀ tí a kì mọ́lẹ̀ dáadáa ló wà ní àárín rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi ráyè kọjá. Erùpẹ̀ tó wúwo bò ó lọ́tùn-ún lósì. Òkúta ni a tò sí ojú ibi tí ìgbì omi ti ń gbá a. Yanrìn wà lẹ́yìn tó ń gba ìwọ̀nba omi tó bá sun, kó má baà fa amọ̀ lọ. Gbogbo ògiri erùpẹ̀ ló ń sun. Ohun tí olùṣọ́ ń wò ni àwọ̀ omi tó ń sun náà: bó bá mọ́ gaara, kó máa bá tirẹ̀ lọ, bó bá di pupa bí omi àgbàrá, ara ògiri ló ń gbé lọ yẹn, ẹni tó bá rí i kó sáré pe èèyàn.

Ta ni ọ̀tá ògiri? Òkété tó ń gbẹ́lẹ̀. Ikán tó ń la ihò sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Igi tí a jẹ́ kó hù lórí rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ bá jẹrà tí ihò sì ṣẹ́kù. Àti ojú ọ̀nà àkúnya tó dí, tí omi fi gun orí ògiri kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ògiri dáàmù Alau nítòsí Maiduguri já, omi sì gba àárín ìlú. Ẹni tó ń fi àdá pa koríko, tó ń dí ihò òkété, owó oṣù rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹni tó mọ ògiri, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú ògiri dúró.

Omi tó dúró tún ní ewu tirẹ̀. Odò Òfìkì tó ń ti Òkè-Ògùn sọ̀ kalẹ̀ wà lára ohun tó ń kún adágún dáàmù Ọ̀yán, tí Shagari ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1983. Abẹ́òkúta àti Èkó ń jàǹfààní omi yẹn. Àwọn ọmọ abúlé etí adágún ní tiwọn kó àtọ̀sí ajá, wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀, nítorí ìgbín odò tó ń gbé àrùn náà fẹ́ràn omi tí kì í ṣàn. Ìbàràpá kò lè sọ pé òun kò mọ irú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdèrè, ẹ rántí sòbìà! Inú ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń bu ú mu. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn bá wa jà á, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi sì wà lára ohun ìjà wa, títí àjọ ìlera àgbáyé fi jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: omi tí kò dé ebè, ìyà rẹ̀ nìkan la máa ń jẹ. Ilẹ̀ ti lọ sábẹ́ rẹ̀, àrùn ti wọlé, ẹ̀rù ògiri sì wà lọ́rùn wa, tòmátì kò sì sí.

Èmi kò ní kí a tọrọ Ìkẹ́rẹ̀ kejì. Àkùrọ̀ ni mo ń wò. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé etí odò kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá fi erùpẹ̀ dí odò kékeré kan, tí ó gba 100,000 mítà onígun mẹ́ta, oòrùn àti ilẹ̀ lè mu ìdajì. Hẹ́kítà tòmátì kan yóò fẹ́ tó 5,000 mítà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: hẹ́kítà mẹ́wàá ni. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú lè ká a, ọwọ́ sì lè tún un ṣe. Kí àwọn darandaran náà ní ibi tí màlúù wọn yóò ti mu omi nísàlẹ̀, kí pátákò má baà fọ́ ògiri.

Ibi tó le kò sí nínú ìṣirò. Poro kò lè fò. Yóò gba oko ẹlòmíràn kọjá kó tó dé oko tèmi, ilẹ̀ Ìbàràpá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Ẹbí wo ni yóò jẹ́ kí a la poro gba inú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá nítorí ata aládùúgbò? Kí ni a ó fún un? Ta ni yóò pín omi nígbà tó bá dín kù ní oṣù Kẹta? Èmi kò lè ti yunifásítì wá dáhùn ìyẹn fún yín. Mo rí i pé bàbá kan ti nawọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé makirofóònù fún wọn.