Ímeèlì tí à ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

  

Òwò kì í ṣe nǹkan tuntun níbí. Kí ogun Òwu tó dé ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ló ń ná ọjà Àpòmù. Àwọn ìyá wa kì í gbé owó ẹyọ wọlé láìkà á. Kíkà yẹn náà ni mo bá wá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó ra dòdò Ìkirè, tó bá ti wakọ̀ lọ, ó lè máà padà mọ́. Bó bá fi àdírẹ́sì sílẹ̀, a lè pè é padà nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìkómọ l'Ékòó. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé à ń fi ránṣẹ́, a kì í kà á.

Kí la máa kà? Ẹ jẹ́ ká fi 200 ṣe àpẹẹrẹ. A kọ̀wé sí 200 ènìyàn. 40 padà wá, torí àdírẹ́sì wọn kò dáa mọ́. Ó ku 160 tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. 40 nínú wọn fèsì: ìyẹn 25 nínú 100. 16 rà: ìyẹn 10 nínú 100. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ kọ sínú ìwé yín: iye tí a fi ránṣẹ́, iye tó dé, iye tó fèsì, iye tó rà.

Ẹ̀rọ lè sọ pé 100 ènìyàn ló ṣí i. Ẹ má tètè yọ̀ o. Láti 2021, iléeṣẹ́ Apple ti fi ètò kan sínú fóònù rẹ̀ tó lè mú kó dà bíi pé ẹnì kan ṣí ímeèlì tí kò fojú kàn rárá. Ẹni tó ṣí i gan-an ńkọ́? Ẹni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò kọ́ ló rà á.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù la fi ń ṣe dòdò, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá yáwó nínú ẹgbẹ́, tí a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa fún 200 ènìyàn, tó jẹ́ pé 16 ló rà, gbèsè ló kù. Ẹni tó bá ti kọ 16 sílẹ̀ mọ ibi tó máa rà á dé.

Báwo la ṣe máa jẹ́ kó dáa sí i? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ pe oníbàárà lórúkọ. Ẹ fi ọjà, iye owó, ọjọ́ tó máa jáde àti bí wọ́n ṣe máa rà á sókè ìwé, kí àdúrà gígùn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí méjì: kọ̀wé sí 80 láàárọ̀, kọ ìwé kan náà sí 80 tó kù nírọ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n fèsì sí jù ni kí ẹ dì mú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ẹ gbàṣẹ o! Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 1978, Gary Thuerk ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìpolówó sí nǹkan bí 400 ènìyàn tí kò bi léèrè. Inú bí wọn. Láti 2024, Gmail àti Yahoo ti ní kí ẹ̀sùn lórí àwọn tó ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lóòjọ́ má ṣe tó 3 nínú 1,000. A ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ń tì wá sí spam, ìwé wa kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ìsọfúnni ara ẹni náà gba oníbàárà láyè láti ní ká má kọ̀wé ìpolówó sí òun mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Bí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ fèsì pé Ó TÓ.” Ẹni tó bá ní ó tó, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, Bcc ni kí ẹ kó àdírẹ́sì wọn sí, kí oníbàárà kan má baà rí ti èkejì.

Ohun kan náà ni fún àtẹ̀jíṣẹ́ àti WhatsApp. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé nọ́ńbà mẹ́rin yẹn wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó tún tọrọ owó láti ra ọjà.

Ajé á wọ igbá wa o.