Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀: ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sìn ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ òwú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni owó òwú ń wọlé lọ́dún, ṣùgbọ́n abo ẹlẹ́dẹ̀ tí a tọ́jú dáadáa lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń dunni ni pé abo kan lè bí mẹ́wàá lónìí, kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin tó mọ́, kó ku márùn-ún. Ẹ má wá ẹni tó ṣe é. Ìyá ló sùn lé wọn, tàbí òtútù ló mú wọn, tàbí wọn ò rí ọmú mu. A lè dènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìná owó púpọ̀.

Ẹ ka ọjọ́

Abo tó ń wá akọ, ojú ara rẹ̀ á wú, á sì pọ́n. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á dúró gbagidi. Ẹ jẹ́ kí akọ gùn ún lónìí, kó sì tún gùn ún lọ́la. Bí ó bá tún ń wá akọ lẹ́yìn ọjọ́ 21, kò lóyún. Abo tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná.

Oyún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta, èyí ni nǹkan bí ọjọ́ 114. Ọjọ́ tí akọ bá gùn ún, ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Kí ẹ sì wo iṣẹ́ òwú kí ẹ tó mú akọ wá. Abo tí akọ gùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni yóò bí. Nígbà yẹn, gbogbo ilé ti lọ kórè òwú. Ta ni yóò dúró tì í? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni akọ gùn ún, yóò bí ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù kejì, ọwọ́ yín á ti dilẹ̀.

Kí ó tó bí

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fún un ní oògùn aràn. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fọ ilé kan, kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ìyá náà, ní pàtàkì ikùn àti ọmú rẹ̀, kí ẹ mú un wọ ibẹ̀ lóun nìkan. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀.

Ẹ kan igi tó le yí ògiri ká nínú ilé náà. Kí ó ga sílẹ̀ ní nǹkan bí sàǹtímítà 25, kí ó sì jìnnà sí ògiri bákan náà. Bí ìyá bá ń dùbúlẹ̀, igi ni ẹ̀yìn rẹ̀ á kàn, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì rí ọ̀nà sá. Ẹ tún fi igi dí igun kan, kí ọmọ nìkan lè wọ ibẹ̀. Koríko ibẹ̀ ni kí ó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí ó bá bí

Bí ẹ bá fún ọmú tí wàrà jáde, ìbí ti dé tán. Ẹ má lọ sóko lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi òwú mímọ́ so ìwọ́ rẹ̀, ẹ gé e, ẹ fi oògùn egbò kàn án. Kí ẹ gbé e sí ọmú lójú ẹsẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́ yẹn ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn, bí ọjọ́ kan bá sì kọjá, agbára rẹ̀ ti lọ. Ọmú iwájú ní wàrà jù: ẹ gbé àwọn tó kéré síbẹ̀.

Bí ìyá bá ń rọbí fún wákàtí kan tí ọmọ ò jáde, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń sùn. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn: ẹ fi koríko kún un, ẹ dí ọ̀nà atẹ́gùn. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń mí hẹlẹ, ooru ti pọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin, nítorí irin inú wàrà ìyá kò tó wọn. Láìsí i, etí wọn á funfun, wọ́n á máa mí kíákíá, wọ́n á sì kú. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́, ẹ máa bu ilẹ̀ pupa díẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́, láti ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í dé.

Oúnjẹ ìyá

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò omi lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí omi bá wọ́n, wàrà á gbẹ. Ẹ máa fi oúnjẹ kún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbí: èèrí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, sọ́jà tí ẹ ti yan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin olówùú: kóró òwú kì í ṣe oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gossypol. Màlúù àgbà lè fara da díẹ̀ nítorí bí ikùn rẹ̀ ṣe rí, ẹlẹ́dẹ̀ ò lè fara dà á. Kì í pa á lọ́jọ́ kan. Á máa kó jọ lára rẹ̀, títí yóò fi máa mí gúlegúle, tí yóò sì ṣubú kú. Agolo àti ike oògùn òwú náà ńkọ́? Ẹ má fi bu omi fún un, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má sì fi oògùn òwú pa iná ara rẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ àrùn

Àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ Benin àti Togo ní ọdún 1997 pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ. Kò ní oògùn. Ẹlẹ́dẹ̀ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30. Ẹ má fi àjẹkù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bí púpọ̀ bá ń kú lójijì, ẹ má tà wọ́n, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ gba ọmọ lẹ́nu ọmú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìyá ni kí ẹ mú kúrò, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ níbi tó mọ́ wọn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á tún máa wá akọ.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú iye méjì wá: mélòó ni abo rẹ̀ bí, mélòó ló kù nígbà tó gbà wọ́n lẹ́nu ọmú. Ẹni tí tirẹ̀ kù jù, kó sọ fún wa bó ṣe ṣe é.  Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yín kò ní í kú o.