ÀWÌN, GBÈSÈ ÀTI ỌGBỌ́N ÀWỌN ÒṢÓMÀÁLÓ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òṣogbo)

 

Ọ̀rọ̀ owó oṣù la sábà máa ń sọ níhìn-ín. Lónìí, owó kejì la fẹ́ sọ, èyí tí àwọn ìyàwó wa ń pa wọlé ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwa náà ń pa lẹ́yìn iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí iṣẹ́ wẹ́dà. Owó yìí ló gbé ọ̀pọ̀ ilé ró ní 2015, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba fà sẹ́yìn ní Ọ̀ṣun. Àwìn ló sì ń jẹ ẹ́ run.

Ìyá olóúnjẹ kan wà tó ń tà fún wa lẹ́nu géètì. Oúnjẹ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kan á ní ó di ìparí oṣù, èkejì á ní kí ìyá bá òun kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ni ìyá fi ń rántí. Nígbà tí oṣù parí, ẹni tó jẹ abọ́ mẹ́wàá ní mẹ́fà ni òun jẹ. Owó ìrẹsì tán lọ́wọ́ ìyá, ó kógbá wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ òyìnbó sì ń bá a wọlé. Àwọn ará Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ ń gba aṣọ yìí, wọ́n ń gbé e kiri ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Bí onígbèsè bá ń fi òní dọ́la, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ìtìjú á sì mú un wá owó jáde. Àwọn kan ń fi orúkọ yìí bú Ìjẹ̀ṣà. Àwa kò rí èébú níbẹ̀.

Ìlóṣòó yìí ni gbogbo ènìyàn rántí. Lójú tiwa, ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lóṣòó ló mú kí owó wọlé. Òṣómàáló mọ ilé oníbàárà rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí owó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó pín gbèsè náà sí ìwọ̀n tí apá ẹni náà ká. Ó sì ti bu èrè àwìn lé owó aṣọ, nítorí ẹni tó ń tà láwìn, owó ló ń yá ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Owó awakọ̀ ń wọlé lójoojúmọ́. Kí ló dé tí ẹni tó ta páàtì fún un yóò fi dá ìparí oṣù? Díẹ̀ lálaalẹ́ ni kó máa gbà. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni olóṣù. Ọjọ́ tí owó wọ báńkì gan-an ni kí ẹ yọ sí i, ẹ má dúró di ìgbà tí onílé àti iléèwé ọmọ ti pín in tán. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye sí i, kí oníbàárà fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kò ní í lọ́kàn láti san. Ẹni tí kò sì tíì san ti àkọ́kọ́, ẹ má tà fún un mọ́. A mọ̀ pé èyí ló le jù, pàápàá bó bá jẹ́ ẹbí.

Ohun kan wà tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀: kíkó ọlọ́pàá lọ bá onígbèsè. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ológò ni olówó ń rán láyé àtijọ́, tí yóò jókòó ti onígbèsè, tí yóò máa da ilé rú, tí yóò máa pa adìyẹ ibẹ̀ jẹ. Ayé ìyẹn ti lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí pé kò mú àdéhùn owó ṣẹ lásán. Owó tí ẹ óò ná ní tésàn sì lè ju gbèsè náà lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ dá ọjọ́ fún un, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Bí kò bá dáhùn, kọ́ọ̀tù wà. Ní 2018, Èkó dá kọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, wọ́n sì fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dájọ́. Níbikíbi tí ẹjọ́ bá dé, ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí ni yóò gbẹnu sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ olóúnjẹ lówó, ẹ gbọ́ o. Bí ọ̀gá bá fi ọjọ́ mẹ́ta dá owó wa dúró, ariwo wa á dé òde. Ìyá yẹn náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan gba orúkọ àti iye ní ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀, kí owó náà pé kí oṣù yìí tó tán.

Ẹni tó bá ní gbèsè láti gbà, tí kò mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, kó mú orúkọ, ọjọ́ àti iye wá bá akọ̀wé ẹ̀ka lẹ́yìn ìpàdé. A óò bá a kọ ọ́.