Nọ́ọ̀sì tó ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ sílẹ̀

Lórí ọ̀rọ̀ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ béèrè, obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Elizabeth Kenny, ọmọ Ọsirélíà, wọ́n bí i ní 1880. Sister Kenny ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe sístà ìjọ Àgùdà o. Oyè nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ológun ló ti gbà á nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Kò sì ní ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì kankan. Ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Nígbà yẹn, tí àrùn yìí bá mú ọmọ, igi tàbí POP ni dókítà á fi de ẹsẹ̀ ẹ̀, kó má mì rárá, nígbà míì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iṣan tó ṣì lágbára á fa ẹsẹ̀ náà wọ́. Kenny ní rárá, ẹ tú u. Á ki aṣọ onírun àgùntàn bọ omi gbígbóná, á fún un dáadáa, á wé e mọ́ ibi tó ń ro ọmọ náà. Tí ìrora bá rọlẹ̀, á máa fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, á ní kí ọmọ fọkàn sí iṣan tó yẹ kó ṣiṣẹ́, títí iṣan á fi tún mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn dókítà ò gbà. Ní Queensland tó ti ń ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ tako ọ̀nà ìtọ́jú ẹ̀ ní 1938. Ká sòótọ́, àlàyé Kenny fúnra ẹ̀ mẹ́hẹ: ó ní inú iṣan gan-an ni àìsàn náà wà, bẹ́ẹ̀ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni kòkòrò ọ̀hún ti ń ṣọṣẹ́. Ẹnu ẹ̀ náà sì mú bí abẹ. Àmọ́ wọ́n ń jà lórí àlàyé, ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà nínú POP!

Ní 1940 ó wọkọ̀ lọ Amẹ́ríkà. Ní Minneapolis, àwọn dókítà fún un láyè, wọ́n fojú ara wọn rí àwọn ọmọ tó tọ́jú. Ní 1942 wọ́n ṣí Sister Kenny Institute níbẹ̀. Ní 1946 wọ́n fi ìtàn ẹ̀ ṣe fíìmù. Kò wo gbogbo wọn sàn o, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín: iṣan tí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, aṣọ gbígbóná ò lè jí i. Èyí tó kù ni ò jẹ́ kó gan dànù. Àwọn físíò tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ lónìí, wọ́n jẹ nínú ọgbọ́n ẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, 1952. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Salk ò tíì jáde. 1955 ló dé. Ilé ìtọ́jú Minneapolis yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, orúkọ Kenny ṣì wà lára ẹ̀.