Owó Àyálò fún Àgbẹ̀ tí Àgbàrá Ba Oko Rẹ̀ Jẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Ìkòtún)

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, àti ti owó tí ìjọba ń yá àgbẹ̀ nígbà tí omi tàbí àrùn bá ti sọ iṣẹ́ ọdún rẹ̀ di asán.

Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn bí àwọn baba wa ṣe tẹ̀lé àwo Ògúnfúnminíre lórí omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹrí, tí a sì fi ń pè wá ní Àwórì. Omi ni ó fi ibi tí a ó tẹ̀dó sí hàn wá. Omi yìí kan náà ni ó ń lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá rò pé kò sí oko mọ́ ní Alímọ̀ṣọ́, a kò bá a jiyàn pé ilé ti pọ̀, nítorí ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n kí ó rìn dé àwọn àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé ní ìhà Ìgàndó, yóò rí ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, yóò rí ilé adìyẹ àti adágún ẹja àrọ̀. Àwọn tí ń bọ́ ọjà wa nìyẹn.

Nígbà tí òjò ńlá ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 bo Èkó mọ́lẹ̀, ilé àti mọ́tò ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Àgbẹ̀ àkùrọ̀ mọ ohun mìíràn tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń ṣe: a máa wọ́ ebè lọ, a máa gbé ẹja jáde kúrò nínú adágún, a sì máa fi gbèsè àná sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Ní ọdún 2012, ìkún omi lé ènìyàn tí ó ju 2,000,000 lọ kúrò ní ilé ní Nàìjíríà, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì kéde owó náírà bílíọ̀nù 17.6 fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Owó ìrànwọ́ ni èyí. Owó tí àgbẹ̀ yóò fi tún oko dá yàtọ̀ sí i, nítorí ẹni tí a fún ní ìrẹsì àti ẹní lónìí ṣì ní láti wá irúgbìn ní ọ̀la.

A kò lè sọ pé ìjọba kò ṣe òfin. Òfin ọdún 1977 dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ó ń ṣe onídùúró fún àgbẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìfowópamọ́. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san, a ó san ìdá 75 nínú 100 ohun tí ó kù lọ́rùn rẹ̀ fún ilé ìfowópamọ́ náà, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun ìdógò kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ètò yìí gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó yá ni lówó ni, kì í ṣe ẹni tí ó yáwó. Ní ọdún 1987 ni ètò adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ sì gbà láti san ìdajì owó tí ó yẹ kí àgbẹ̀ kékeré san. Èyí dára gidigidi, ṣùgbọ́n kí ìjàǹbá tó dé ni a ń wọ inú rẹ̀.

A mọ obìnrin kan tí ó ti ń dá oko ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi gbé e lọ ní òjò kan, ó sì lọ sí ilé ìfowópamọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n béèrè ìwé ilẹ̀. Kò ní in. Wọ́n béèrè ìwé tí ó fi ń ṣírò ohun tí ó ń tà lóṣooṣù. Kò ní in. Ẹnu ni ìdílé onílẹ̀ fi fún un ní ilẹ̀, pẹ̀lú obì àti ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó padà lọ bá olówó èlé ní ọjà, a kò sì fẹ́ sọ iye èlé náà níwájú àwọn àgbà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ìjọba ti ń kéde àgbègbè tí ìjàǹbá bá, kí àgbẹ̀ ibẹ̀ lè tọrọ owó àyálò pàjáwìrì, wọ́n ń béèrè ohun ìdógò àti àkọsílẹ̀ ìkórè kí wọ́n tó yáni lówó.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kàn. A mọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù: ẹni tí a bá kọ ìwé fún lónìí lè sọ ní ọ̀la pé òun ra ilẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ojú gbogbo wa ni ìjà ilẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ìyálò ọlọ́dún márùn-ún, tí ó sọ ààlà, tí ó sọ pé oko nìkan ni a fún un dá, tí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí, dáàbò bo onílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹni tí ó ti fọwọ́ sí i pé ayálégbé oko ni òun, báwo ni yóò ṣe di onílẹ̀?

Ìwé yìí nìkan kò tó, a gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà àtijọ́, ẹni tí oko rẹ̀ bá bàjẹ́ a máa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Nígbà tí kòkó dé, àwọn ènìyàn a máa fi igi kòkó dógò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó kọ́kọ́ fún àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí òfin ọdún 1935 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn, tí Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san jẹ́ olórí wọn, ti dá ilé ìfowópamọ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1953. Nínú ètò owó àyálò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Kébbí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 pẹ̀lú, àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n ń dúró fún ara wọn, ni a ń wá nígbà náà. Àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ó dá wà kò sí nínú ìṣirò.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a bá àwọn aṣòfin wa sọ. Owó tí ó dé lẹ́yìn tí àkókò gbígbìn ti kọjá, gbèsè lásán ni. Kí a má sì gba èlé lórí gbèsè àtijọ́ ní ọdún tí omi bá wọlé. Àwa kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi owó ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti ṣí ìwé kan sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn yìí. A bẹ ìdílé onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó kọ orúkọ àwọn tí ń dá oko lórí ilẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, láti Ìkòtún dé Ìgàndó, kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan nínú wa yóò kọ ìwé ìyálò náà ní èdè Yorùbá láìgba owó, a ó sì kà á sókè ní ìpàdé tí ó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.