Ìmọ́lẹ̀ tó ń pa jẹjẹrẹ: Kí ló dé tó fi nílò oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Batterie IV, létí òkun Libreville lórílẹ̀-èdè Gabon, ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń mú níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn yẹn ni àwọn dókítà fi ń wo jẹjẹrẹ.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n á kọ́kọ́ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Lẹ́yìn bíi ọjọ́ méjì, dókítà á tan iná lésà pupa sí ibi tí jẹjẹrẹ wà, oògùn náà á sì pa á. Lọ́dún 1993 ni Kánádà fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀, Photofrin.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í wọnú ara ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Kò lè bá jẹjẹrẹ tó ti ràn lọ síbòmíràn.

Kí ni iṣẹ́ oògùn kejì?

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ìmọ́lẹ̀ pa máa ń fi àmì ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun ara. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu dá àwọn ọmọ ogun náà dúró. James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Japan ló ṣàwárí bí a ṣe lè tú ìjánu yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018.

Èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń pa méjèèjì pọ̀: kí ìmọ́lẹ̀ tú àṣírí ọ̀tá, kí oògùn tú ìjánu, kí ara fúnra rẹ̀ sì lé èyí tó sá pamọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ lára eku. Lára ènìyàn, wọ́n ṣì ń dán an wò.

Kí ló kan ará Libreville?

Ẹni tó bá gba Photofrin gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Apẹja tàbí ìyá ọlọ́jà ńkọ́? Ta ni yóò bọ́ ilé rẹ̀? Ìjọba tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ro ti oṣù kan yìí mọ́ ọn.

Ẹni tó bá sì ń ta iná pupa kiri pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ẹ má dá a lóhùn. Bí ẹ bá rí kókó lára, tàbí egbò tí kò jinná, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ wà ní Akanda, nítòsí Libreville.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.