Àgádágodo Tó Ti Onílé Mọ́ Ìta

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ wa ní Bódìjà, Ìbàdàn)

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìyẹn iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní n kò ní sọ̀rọ̀ ìlù tàbí ti orin kíkọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dun àwa oníṣẹ́ yìí, ó sì kan ẹ̀yin náà, nítorí àwọn ọmọ yín ló kún inú iṣẹ́ ọ̀hún báyìí, láti Agbowó dé Challenge. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àgádágodo tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin inú kọ̀ǹpútà fi ń ti ọjà wọn. Ẹni tó sanwó ló ń sùn síta, olè sì wà nínú ilé, ó ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Láyé ìgbà tí a wà nílé-ìwé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwo orin yóò lọ sí sítúdíò ńlá tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ dé àjà. Lónìí, gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ti wọ inú kọ̀ǹpútà tí ọmọdé lè gbé sábíyá. Ètò ńlá kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí a fi ń gba ohùn, bíi Cubase, Pro Tools tàbí FL Studio. Àwọn ètò kéékèèké tí a ń fi kún un là ń pè ní plugin. Ọ̀kan á fọ ohùn mọ́, ọ̀kan á jẹ́ kí akọrin dún bíi pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ló wà, òmíràn á máa dún bíi dùrù tàbí bíi fèrè. Bí ẹ bá ra plugin, ètò náà fúnra rẹ̀ kọ́ lẹ rà o. Àṣẹ láti lò ó lẹ rà, òun là ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ má ṣe rò pé mo wá gbè sẹ́yìn olè. Àwa tí a wà nídìí orin mọ ohun tí olè ṣe fún wa. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ nínú òógùn ara rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àwọn tó ń da orin kọ láìgbàṣẹ ló ń kó èrè tó yẹ kí olórin jẹ. Òfin kẹtàdínláàádọ́ta (47) ti ọdún 1988 dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, ó sì ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Òfin tuntun ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, tún sọ pé jíjá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ṣe plugin ṣiṣẹ́ gidi. Ó yẹ kó jẹun.

Àmọ́ àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ wá wo ìka tí wọ́n ń gé.

Oríṣi àgádágodo mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, bíi iLok tí ilé-iṣẹ́ PACE ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá sí níbẹ̀, plugin tí àṣẹ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò ní ṣí. Èkejì ni èyí tó ń kàn sí ilé-iṣẹ́ lókè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti béèrè bóyá ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta ni owó oṣooṣù: bí ẹ bá san, ó ṣí, bí ẹ kò bá san, ó ti.

Ó dáa. Ẹ gbé àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó ní sítúdíò yàrá kan l'Agbowó, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ó fi tímùtímù àti aṣọ ìkélé nípọn bo ògiri kí ariwo títì má baà wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin kan láti Ring Road ti sanwó, wọ́n ti wọ ọkọ̀ wá, ọjọ́ Sunday ni wọ́n fẹ́ lo orin náà. Wọ́n mú iná lọ, ó tan jẹnẹrétọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Plugin ní òun fẹ́ kàn sí ọ̀gá òun kí òun tó ṣiṣẹ́. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ sọ fún àwọn akọrin? Kó ní ọ̀gá kan tí kò rí rí, tó wà ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí i? Wọ́n á ní kó dá owó wọn padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ wá rìn dé ilé kejì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò ra nǹkan kan. Èyí tí wọ́n jí, tí wọ́n ń pè ní crack, ló gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti já àgádágodo kúrò lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kò nílò kọ́kọ́rọ́, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò bá ẹnikẹ́ni lókè òkun sọ̀rọ̀. Àwọn akọrin wọ̀nyẹn lè kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó sì parí iṣẹ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí po? A fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà nítorí olè, olè gba ojú fèrèsé wọlé, onílé wá ń kanlẹ̀kùn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Iná wá lójijì lọ́jọ́ kan, ó sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà mi jóná pẹ̀lú ẹ̀rọ tó yẹ kó dáàbò bò ó. Mo ra òmíràn. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan tí mo ra plugin lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìwé ẹ̀rí owó ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé láísẹ́ǹsì mi sórí èyí tuntun. Ẹ gbọ́ èsì wọn: wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí n yọ láísẹ́ǹsì kúrò lórí rẹ̀. Èyí tó jóná o! Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnì kan tó ní ẹran ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ka lẹ́tà mi, tó sì ṣí i fún mi. Iṣẹ́ oníbàárà méjì ti bọ́ kó tó di ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Kọ́kọ́rọ́ iLok kan, tí kò ní orin kankan nínú, ń lọ sí nǹkan bí 50 dọ́là ní ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà ní iye ti ìjọba, 23,000 náírà ni. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí dọ́là fi di nǹkan bí 1,500 náírà, kọ́kọ́rọ́ kan náà di 75,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ìyẹn ni pé owó iṣẹ́ oṣù kan gbáko kò tó ra kọ́kọ́rọ́ lásán nígbà náà, ká má tíì sọ ilé tó fẹ́ fi ṣí.

Bí owó bá sì wà, ọ̀nà à ti san án ńkọ́? Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí a lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Kí ọdún náà tó parí, àwọn mìíràn ti dá a dúró pátápátá, ó di ọdún 2025 kí àwọn kan tó ṣí i padà. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù nígbà yẹn, tó sì ní owó lọ́wọ́, báńkì rẹ̀ ló sọ ọ́ di ajigbèsè. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní London kó bá wọn rà á. Ẹ̀gbọ́n á fi orúkọ ara rẹ̀ àti í-meèlì ara rẹ̀ rà á. Lójú ilé-iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ni ín. Ọjọ́ tí àárín wọn bá dàrú, láísẹ́ǹsì á bá ẹ̀gbọ́n lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ké. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Waves kéde pé òun kò ní ta láísẹ́ǹsì àràlò títí láé mọ́, àfi owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún. Àwọn oníbàárà káàkiri àgbáyé figbe bọnu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn á máa ta méjèèjì. Steinberg ní Jámánì, àwọn tó ni Cubase, fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ti ọjà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Cubase 12 tó jáde ní ọdún 2022 kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: nígbà tí oníbàárà sọ̀rọ̀ pọ̀, olówó gbọ́.

Àwọn tó ń tajà á sọ pé bí kò bá sí àgádágodo, kò sẹ́ni tó máa sanwó. N kò jiyàn pé àwọn kan kò ní san. Ṣùgbọ́n ẹ wo Image-Line, àwọn ará Belgium tó ṣe FL Studio. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan ń gba gbogbo àtúnṣe tó bá tẹ̀lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé. Ẹ wo REAPER pẹ̀lú: 60 dọ́là ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n fún èèyàn ní 60 ọjọ́ láti dán an wò. Bí ọjọ́ náà bá pé, kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún lójú, ó kàn ń rán an létí pé gbèsè wà nílẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ṣì ń tajà. Ẹni tí a bá fọ̀wọ̀ wọ̀, ojú á máa tì í láti jalè. Ẹni tí a bá ń wò bí olè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́? Ó lè rò ó lọ́jọ́ kan pé kí ni òun ń sanwó orúkọ burúkú fún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Owó tó ń ṣòfò dùn mí, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ ló jẹ mí lógún jù. Bí ọmọ bá rí i pé ẹni tó ṣòótọ́ ló ń jìyà, tí ẹni tó jalè ń rọ́wọ́ mú, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ nílé-ìwé yóò ṣá lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sì lè sọ fún un pé kó máa lo crack. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn tó ń pín in a máa fi kòkòrò kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, èyí tó lè jẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ìmọ̀ràn yìí sápò fún àwọn ọmọ yín. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n bi olùtajà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọjọ́ mélòó ló lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Kọ̀ǹpútà mélòó ni mo lè fi sí, bí ọ̀kan bá sì jóná tàbí tí wọ́n jí i, ta ni yóò tú mi sílẹ̀? Bí n kò bá san owó oṣù yìí, ṣé orin tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ṣì máa ṣí bí mo ṣe fi í sílẹ̀? Bí ẹ bá kógbá sílé, kí ni yóò gbẹ̀yìn ohun tí mo rà? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 nílẹ̀ wa fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àlàyé tó yé e. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n mú owó wọn lọ síbòmíràn.

Èkejì, kí wọ́n máa fi orúkọ àti í-meèlì ara wọn rà á, ẹnikẹ́ni tí ì báà bá wọn sanwó. Ẹ̀kẹta, bí orin bá ti parí, kí wọ́n sọ ohùn kọ̀ọ̀kan di WAV lásán pẹ̀lú gbogbo ohun tí plugin ti ṣe sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. WAV kò ní àgádágodo. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnikẹ́ni lè ṣí i.

Ìkẹrin kan ẹgbẹ́ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ orin fún ilé-ìwé wa, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí a lè sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí káàdì yín ń ṣiṣẹ́, ẹ bá wa kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé Ìbàdàn kì í ṣe ìlú olè. Ẹ ní àwọn ọmọ wà níbí tó fẹ́ sanwó, kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tí ẹni tó sanwó lè gbà wọlé.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.